Fídíò Wíwò Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Kíkọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo gbogbo fídíò oṣù kìn-ín-ní tán, síbẹ̀ mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó sì ti sú mi. Oògùn wo tàbí ọ̀rọ̀ ìwúrí wo ló lè dá ọkàn mi padà sí i?

ÌDÁHÙN: Oògùn kẹ̀? Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ta oògùn ìsọ̀yè sì ń rí jẹ nídìí ẹ̀. Má ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó jókòó wo fídíò fún odidi oṣù kan kì í ṣe ọ̀lẹ. Wíwò tí o pè ní ẹ̀kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ á máa yé ọ, torí òun ló ń ṣiṣẹ́. Ìwọ kàn ń mirí ni. Pa fídíò, mú bébà, kọ ohun tó sọ láìwo ibì kankan. Ìgbà yẹn ni wàá mọ èyí tó wọlé.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka àyọkà ní àkàtúnkà. Àwọn yòókù kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n kọ èyí tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn alákàtúnkà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó ti dán ara wọn wò ló rántí jù. Bẹ́ẹ̀ àwọn alákàtúnkà yẹn ló dá lójú jù pé àwọn ò ní gbàgbé!

Nítorí náà, bí fídíò bá parí, kọ ìbéèrè méjì jáde, kí o dáhùn wọn lọ́jọ́ kejì kí o tó ṣí òmíràn. "Màá kàwé lónìí" kò tó. Sọ pé: "Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, màá jókòó sídìí tábìlì, màá dáhùn ìbéèrè àná." Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Bí o bá ti ń rí i pé o ń mọ̀ ọ́n, ìwúrí á máa wá fúnra rẹ̀.

N ò lè ti inú lẹ́tà mọ bí ara rẹ ṣe rí o. Bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ló sú ọ, tí o kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ọ́, lọ rí dókítà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, padà sí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Má tíì wo fídíò rẹ̀. Kọ ohun tí o rántí níbẹ̀ ná.