Kí ni “nano” túmọ̀ sí, níbo ló sì ti wá?

Ẹnì kan béèrè bóyá “nano” tó wà nínú nano SIM fóònù rẹ̀ náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, àti pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ohun tí wọ́n ń fi í sọ kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló ti wá. Ẹni tí àwa ń pè ní aràrá ni wọ́n ń pè ní nânos. Àwọn ará Róòmù yá a, wọ́n ní nanus. Òun náà ló di nain lẹ́nu àwọn Faransé, tó sì di anão lẹ́nu àwọn ará Brazil títí dòní. Kò sí òǹkà kankan nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ní 1960, àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n, tó wáyé ní Paris, fi ètò ìwọ̀n tí a mọ̀ sí SI lélẹ̀, ó sì fọwọ́ sí nano gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Iye pàtó ló wá ń tọ́ka sí: bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomítà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí, wọ́n rò pé “kékeré” lásán ni.

Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nanomítà. DNA tó gbé àbùdá wa, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2 lọ. Ti àkókò ló le jù láti fojú inú wò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Grace Hopper ṣe, ìyá ńlá nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó tún jẹ́ ọ̀gágun ojú omi ní Amẹ́ríkà. Ó gé wáyà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ó ń pín in fáwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé nínú nanosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000,000,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, nìyẹn. Bí àwọn ọ̀gágun bá bi í léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán gba sátẹ́láìtì fi ń pẹ́, á ní irú wáyà yìí pọ̀ gan-an láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì.

Micro, láti inú mikrós tí í ṣe “kékeré” ní èdè Gíríìkì, jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Àwọn tó tún kéré sí nano náà wà. Femto àti atto, tí wọ́n gbà wọlé ní 1964, inú èdè Denmark ni wọ́n ti mú wọn: femten ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, atten ni méjìdínlógún, iye òdo tó ń tẹ̀ lé 1 nínú iye ọ̀nà tí a pín nǹkan sí.

Ó wá ku SIM. Micro SIM jẹ́ mìlímítà 15 ní gígùn àti 12 ní ìbú, nano SIM jẹ́ 12.3 ní gígùn àti 8.8 ní ìbú. Bó bá ṣe ti sáyẹ́ǹsì ni, ìlọ́po 1,000 ló yẹ kí micro fi ju nano lọ. Orúkọ ọjà ni tiwọn. Èyí tó jẹ́ nano lóòótọ́ ni àwọn hóró ọ̀rá tí Pfizer àti Moderna fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòfíìdì wọn wọ inú ara: nǹkan bí 100 nanomítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.