Ẹ má fi aago ọkọ yín díwọ̀n ọkàn yín

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ̀yin àti dádì àwọn ọmọ jọ ń rìn láti Ojúẹlẹ́gbà dé Stadium ní Sùúrùlérè, ẹ jọ ń gbẹ́sẹ̀ ni, síbẹ̀ aago ọwọ́ yín ń ka ìlù ọkàn 138 ní ìṣẹ́jú kan, tiwọn ń ka 112. Ẹ wá bèèrè bóyá àìsàn ni, àti ta ló ń jó kálórì (agbára oúnjẹ tí ara ń lò) jù nínú ẹ̀yin méjèèjì. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ àìsàn. Ọkàn obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀ tó tiwọn. Àfi kó máa lù léraléra kí ìrìn kan náà tó ṣeé rìn.

Kóòṣì jíìmù kan ní Yábàá kò mọ èyí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó gbé mi sórí ẹ̀rọ ìrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má ya ọ̀lẹ." Àyà mi ń lù kì-kì-kì débi pé mò ń gbọ́ ọ nínú etí, òógùn tútù bò mí lọ́rùn, mo di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ọmọ yìí tún nawọ́ tẹ̀ ẹ́ pé kó yára sí i! Ọkọ mi ló fa okùn pupa ara ẹ̀rọ náà yọ. Dókítà tí mo lọ bá kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní àgbà ló ń dé. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ ṣàyẹ̀wò: PCV mi, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, kò pé 26, nígbà tó yẹ kó tó 36; àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń mú àyà mi lù bẹ́ẹ̀. Fáíbírọ́ìdì ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mi gbẹ lóṣooṣù, mo ń sanwó jíìmù. Tí nǹkan oṣù yín bá ń ya púpọ̀, PCV ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Tí dádì bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol ńkọ́? Oògùn yẹn náà máa ń dín ìlù ọkàn kù.

Wọ́n á tún ní kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ọkàn lè lù dé. Àwọn tó ṣèwádìí lórí obìnrin ní Chicago gbé tiwa jáde ní 2010: ẹ fi 0.88 sọ ọjọ́ orí di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ nínú 206. Ẹni ọdún 45, nǹkan bíi 166 ni, kì í ṣe 175. Oòrùn Èkó náà ń mú ọkàn sáré, ẹ tètè jáde láàárọ̀. Ẹ má sì kó nǹkan sétí lẹ́bàá títì, ọ̀kadà ò ní fọn fèrè.

Háà, kálórì lẹ tilẹ̀ bèèrè. Ẹni tó wúwo ló ń jó púpọ̀; tí ẹ bá pín in sórí kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Aago náà, ó ń méfò ni. Kí dádì má fi iye kálórì tí aago tiwọn ń kà bu òkèlè kún òkèlè o.