Ẹ má tíì tú pákó ìrókò yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní nígbà tí ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ yàrá òkè nílé bàbá yín l'Ókè-Àdó, pákó lẹ bá lábẹ́ rẹ̀, káfíńtà sì ní kí ẹ tú u kúrò kí wọ́n da kọnkéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Bí ògiri ilé náà bá jẹ́ alámọ̀, ẹrù kọnkéré ti pọ̀ jù fún un. A tún irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣe nílé tiwa l'Ókè-Bọ́là, orí rẹ̀ là ń rìn títí dòní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń fi ìrókò àtijọ́ dáná.

Ojú pákó kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò o, igi tó gbé e dúró ni. Ẹ yọ síìlì díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ìdí igi kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọnú ògiri. Ibẹ̀ ni omi òrùlé tó ń jò máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ikán ń gbà gòkè. Bí irin bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ, ẹ pààrọ̀ igi yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ikán kì í sábà jẹ inú ìrókò tó dúdú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó funfun kì í yè é.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ha gọ́ọ̀mù dúdú tó kù lórí pákó ní gbígbẹ. Rọ́bà àtijọ́ àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè ní asbestos (fọ́nrán òkúta tí wọ́n máa ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé tẹ́lẹ̀) nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kí ẹ rọra fi ọwọ́ họ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti gbogbo orí ìṣó wọnú pákó, torí èyí tó bá yọrí á fa sáńpépà ya. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́mbà 40 tó le jù, lẹ́yìn náà 80, kí ẹ fi 120 parí rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi. Ẹ bo imú o! Eruku ìrókò ń yún ara, ó sì ń fa ikọ́. Àwọ̀ ìyeyè tó bá yọ kì í ṣe àbùkù. Ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀.

Àlàfo tí ẹ bá rí nígbà ọyẹ́, ẹ má dí i pa, nítorí pákó á wú nígbà òjò.

Epo ara ìrókò kì í jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ. Ẹ fi tínà nù ún dáadáa, kí ẹ kọ́kọ́ dán fáníìṣì wò ní igun kan. Bí ẹ bá nílò pákó àfikún, ẹ wá a lọ́wọ́ àwọn tó ń wó ilé àtijọ́. Pákó tuntun tí ẹ bá rà ní Bódìjà lè ṣì tutù, á sì súnkì nígbà tó bá gbẹ.