Ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n lójú yín ná

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní dísìkì bíréèkì iwájú ọkọ̀ yín (irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà) ti jẹ tán ní 20,000 kìlómítà; ó yá jù lóòótọ́. Àmọ́ kí ẹ tó gbà fún mẹkáníìkì yín pé dísìkì, páàdì (èyí tó ń fún dísìkì mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró) àti kálípà (èyí tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì) lẹ máa rà pọ̀, ẹ bi í: báwo ni dísìkì ọ̀hún ṣe nípọn tó báyìí? Wọ́n máa ń fín òǹkà tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ara rẹ̀, “MIN TH” ló máa ń wà níbẹ̀. Kó fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Ojú lásán ò tó.

Èmi fura sí àwọn píìnì tí kálípà fi ń rìn. Bí gíríìsì wọn bá gbẹ, kálípà á há, páàdì á máa ha dísìkì láìjẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ wo páàdì méjèèjì táyà kan: bí ọ̀kan bá jẹ ju èkejì lọ dáadáa, ẹ tú píìnì náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì bíréèkì tuntun sí i. Owó yẹn kò sún mọ́ ti kálípà rárá. Bí dísìkì bá ti tín-ín-rín kọjá òǹkà “MIN TH” yẹn, ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pẹ̀lú páàdì tuntun.