Ọkọ̀ Oníná Láti Ìlọrin Dé Etí Òkun: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Ìbéèrè láti Tankẹ̀, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì fẹ́ fi ọkọ̀ oníná wa lọ pàgọ́ sí etí òkun ní Àgbádárìgì. Bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 60. Ẹni tó tà á fún wa ní yóò rin 400 kìlómítà. Ṣé a lè débẹ̀ láì dúró gba iná?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Tí ẹ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹrù àgọ́ kún bùùtù, ẹ ka yúníìtì 18 sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. (Yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sí mítà ilé ni.) Láti Ìlọrin gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ìbàdàn sí Àgbádárìgì tó 200. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ yúníìtì 65, ohun tí bátìrì yín ń gbà kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ibi tí ẹ máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra àgọ́. Ẹ sùn ní Ìbàdàn. Ẹ ó ti jẹ yúníìtì 29 kí ẹ tó débẹ̀, bátìrì á kù díẹ̀ ju ìdajì lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lásán, tí ọkọ̀ bá fa áńpìà 10 nínú rẹ̀, ń gbé yúníìtì 2.3 wá ní wákàtí kan. Ní wákàtí 10, 23 nìyẹn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 3 á bá ooru lọ. Ẹ ó jí bá bátìrì ní 85 nínú 100, ẹ ó sì wọ Àgbádárìgì pẹ̀lú 25.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni Nẹ́pà. Ẹ pe ilé ìtura náà ṣáájú: wákàtí mélòó ni wọ́n ń rí iná lóru? Ṣé wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú? Èló ni wọ́n máa gbà fún ọkọ̀? Ẹ dúnàá-dúrà rẹ̀ lọ́tọ̀, torí yúníìtì 23 kì í ṣe owó kékeré. Tí iná ò bá wá, ẹ dúró di ọjọ́ kejì tàbí kí ẹ dín eré kù sí 80. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tó ń dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí eré fi ń jẹ bátìrì ju ẹrù lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ fi yúníìtì méjì kún un. Ìlọrin fi nǹkan bí 300 mítà ga ju òkun lọ, gígùn ni ẹ ó máa gùn bọ̀.

Ìbéèrè láti Òmù-Àrán: Mo so cháàjà ọkọ̀ mi mọ́ jẹnẹrétọ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú, kò gbà á. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Áàsì (wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) ni cháàjà yín kò rí. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) kò so mọ́ áàsì rárá, cháàjà sì kọ̀ kí iná má baà gbé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ri irin áàsì mọ́lẹ̀, kó so nútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ ṣe é nígbà tí jẹnẹrétọ̀ náà wà lára wáyà ilé o!

Jẹnẹrétọ̀ tí kò tó 3.5 KVA kò lè gbé áńpìà 10 pẹ́. Tí kò bá sí òmíràn, ẹ dín in kù sí 6 nínú ọkọ̀. Wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ olójú mẹ́ta, 2.5 mm, kó má gùn ju mítà 15 lọ, kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára róòlù. Èyí tó bá wé jọ á gbóná títí á fi yọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kan píláàgì. Tí ẹ ò bá lè dì í mú, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè láti Ọ̀fà: Ṣé a lè wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ lórí yanrìn, ká sì máa lo iná rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Bátìrì mú kó wúwo, á rì, omi iyọ̀ á sì jẹ irin abẹ́ rẹ̀. Tó bá ti rì, ẹ jò táyà sí 20 PSI lórí géèjì, ẹ kó yanrìn kúrò níwájú rẹ̀, ẹ tẹ́ pákó sí i. Ẹ fẹ́ táyà náà padà kí ẹ tó gun ọ̀dà.

Ní ti iná, ọkọ̀ tó bá ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná jáde fún nǹkan mìíràn nìkan ló lè ṣe é. Fáànù, gílóòbù àti kẹ́tù fún alẹ́ méjì kò ní jẹ tó yúníìtì méjì. Ẹ má fi ọkọ̀ tí ẹ ti pa cháàjì fóònù mọ́jú: bátìrì kékeré fóòtì 12 ló ń jẹ, tó bá sì kú, ọkọ̀ kò ní tan, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún.