Mílíọ̀nù kan ọta ní ìṣẹ́jú kan? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń ya ohun ìjà fún géèmù lórí Blender, mo sì fẹ́ ya ìbọn tí sójà yóò máa gbé ní ọdún 2060. Ẹnìkan ṣàlàyé lórí YouTube pé àwọn ológun Amẹ́ríkà ló kó ìbọn ìkọ̀kọ̀ wọn han àwọn tó ṣe géèmù Call of Duty: Black Ops II. Ó ní pàápàá ìbọn inú rẹ̀ tó ń jẹ́ Storm PSR, pé ojúlówó rẹ̀ ń yin mílíọ̀nù kan ọta ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ìjọba ti gbé e pamọ́. Níbo ni èmi náà ti lè rí irú àwòrán àṣírí bẹ́ẹ̀? Àbúrò yín, láti Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sí àwòrán àṣírí kankan. Láti ìgbà tí fídíò yẹn ti ń lọ káàkiri ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ti sú mi láti máa fi gbólóhùn kan dáhùn. Àwọn ìbọn inú géèmù yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Ìbọn tí wọ́n ti dán wò ní gbangba ni wọ́n, ìwé ìròyìn ti gbé àwòrán wọn, àwọn kan nínú wọn sì ti kùnà kí Treyarch, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Orí ààtàn ni wọ́n ti lọ ṣa ọjọ́ iwájú.

Kí n tó lọ jìnnà, iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ìbọn sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ṣe géèmù. N kì í rọ ìbọn, n kì í tà á, n kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń rọ ọ́. Ohun tí mo bá sọ níbí, kí ojú àti etí lè mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ, òun àti òfin ni.

Ó yá, Storm PSR. Nínú géèmù, o ó fa ìbọn náà, o ò ní tíì tú u sílẹ̀, ọta yóò máa tò jọ nínú rẹ̀, tí o bá tú u sílẹ̀, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gba inú ògiri kọjá. Ibi tí wọ́n ti mú un ni Metal Storm, iléeṣẹ́ kan ní Brisbane, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. James Michael O'Dwyer ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Nínú ìbọn tí gbogbo wa mọ̀, ọta kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Irin á lu ìdí rẹ̀, ẹtù á gbiná, ọta á lọ, kòròfo idẹ á ta jáde, òmíràn á wọlé. O'Dwyer yọ gbogbo irin tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn dànù. Inú ọ̀pá ìbọn gan-an ló to ọta sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹtù ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ó wá ń fi iná mànàmáná tan ẹtù náà láti iwájú wá sẹ́yìn.

Ọdẹ tó bá ń ki ṣakabùlà yóò yé kíá. Ó ki ẹtù, ó ki ọta, kàkà kó yìn ín, ó tún ki ẹtù àti ọta mìíràn lé e lórí. Ọdẹ kan náà ni yóò sì bi ọ́ ní ìbéèrè tó yẹ: kí ni kò ní jẹ́ kí iná tiwájú ran tẹ̀yìn, kí gbogbo rẹ̀ bú mọ́ mi lójú? Èsì O'Dwyer ni pé nígbà tí ẹtù iwájú bá bú, agbára rẹ̀ yóò ti ọta tó wà lẹ́yìn, ọta yẹn yóò fẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá ìbọn gbágbágbá, iná kò ní rí àyè kọjá. Ọgbọ́n gidi ni. Èmi ò bá a jà lórí ìyẹn.

Àmọ́ mílíọ̀nù kan yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìbọn àfidánwò wọn ní ọ̀pá 36. Ọta 180 ni wọ́n kó sínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn márùn-ún márùn-ún. Wọ́n tan iná sí i, ọta 180 náà sì jáde láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó tán. Ìbọn ti ṣófo, èéfín ló kù. Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà rẹ̀ wá mú bírò: 180 lọ́nà 100 jẹ́ 18,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 18,000 lọ́nà 60 jẹ́ 1,080,000 ní ìṣẹ́jú kan. Orí ìwé ni mílíọ̀nù kan yẹn ti wá. Wọ́n fi ìwọ̀n eré ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò sọ iye ọta tí ìbọn náà yìn rí.

Ká tiẹ̀ ní olórí kunkun kan fẹ́ yin mílíọ̀nù náà pé. Yóò ki gbogbo ọ̀pá 36 náà ju ìgbà 5,500 lọ. Ọta ìbọn ìléwọ́ 9 mm kan wọn tó gíráàmù 8, láìka ẹtù mọ́ ọn. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 8,000. Ta ni yóò rù ú? Sójà tó ń rojọ́ pé omi mímu wúwo?

Kíkì yìí gan-an ló sì yọ Metal Storm lẹ́nu jù. Tí ọ̀pá bá ti yin ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, o kò lè kan fa máágásíìnì yọ kí o ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ọ̀pá náà ni máágásíìnì, òun náà lo máa pààrọ̀. Bákan náà, ọta iwájú kò rìn jìnnà nínú ọ̀pá kó tó jáde, tẹ̀yìn sì rìn jìnnà, nítorí náà eré wọn kì í dọ́gba bọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé nǹkan tí sójà lè fọwọ́ mú jáde, ohun tí wọ́n rí ṣe ni 3GL, tó ń ju bọ́ǹbù kékeré mẹ́ta, àti MAUL, ìbọn kékeré tí inú rẹ̀ gba ọta márùn-ún. Mẹ́ta àti márùn-ún. Àwọn tó ń pariwo mílíọ̀nù kì í fi èyí sínú fídíò.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? Nígbà ayé rẹ̀, Metal Storm ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjà Ọsirélíà àti ní Nasdaq ní Amẹ́ríkà. Ìjọba wo ló ń fi àṣírí rẹ̀ sí ọjà tí ẹnikẹ́ni ti lè ra ìpín níbẹ̀? Owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Oṣù keje ọdún 2012 ni wọ́n fà á lé àwọn alábòójútó gbèsè lọ́wọ́, géèmù náà sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Nígbà tí ẹ̀yin ń fi Storm PSR já ògiri, iléeṣẹ́ tó ni èrò náà ti wọ gbèsè.

Èrò náà fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ tuntun. Ní 1777, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira, Joseph Belton kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wọn pé òun ní ìbọn tí a ki ọta púpọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì máa yìn wọ́n tẹ̀léra. Wọ́n ní kó ṣe 100. Ó bu owó lé wọn, wọ́n sì fà sẹ́yìn.

Àwọn yòókù, ọ̀nà kan náà ni. M8A1 inú géèmù, XM8 ti iléeṣẹ́ Heckler & Koch ni. X iwájú orúkọ yẹn ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń sàmì sí ohun tó ṣì wà lórí ìdánwò. Àwọn oníṣẹ́ géèmù kàn yọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n ti gbà á wọlé. Ojúlówó kì í sì í yìn ní mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti géèmù. Ọdún 2005 ni wọ́n fagi lé e. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ní 2007, wọ́n bu eruku lé e lórí pẹ̀lú ìbọn mẹ́ta mìíràn, wọ́n yin 60,000 ọta nínú irú ìbọn kọ̀ọ̀kan, XM8 há nígbà 127, M4 tí àwọn sójà ń gbé há nígbà 882. Ìbọn tí wọ́n ti pa tì ló ṣe dáadáa jù. LSAT, èyí tó wà láàárín àwọn arọ̀jò-ọta inú géèmù náà, ojúlówó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2004: wọ́n fi ike ṣe kòròfo, wọ́n sì ri ọta mọ́ inú rẹ̀ kó má yọrí, kí ẹrù sójà lè fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú géèmù tí o dárúkọ, inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló wà: G11 ti àwọn ará Jámánì. Wọ́n fi í sínú ìtàn tó ń lọ ní àwọn ọdún 1960, ẹ̀rín sì ń pa mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí, torí nígbà yẹn èrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. G11 kò ní kòròfo rárá. Wọ́n mọ ẹtù bíi búlọ́ọ̀kù kékeré yí ọta ká, gbogbo rẹ̀ ń jóná tán. Máágásíìnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ọ̀pá ìbọn, láti iwájú lo ti ń tì í bọ̀ ọ́ wá sẹ́yìn. Inú rẹ̀, ọta dorí kodò, ó já bọ́ sínú irin roboto kan, irin náà yí, ọta wá kọjú síwájú. Ó lè yin mẹ́ta kí èjìká tó mọ̀ pé ìbọn ti ta á.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Ooru ni. Àwọn ènìyàn rò pé kòròfo idẹ kò wúlò ju pé kó di ẹtù mú lọ. Bí ó bá ń ta jáde, ó ń gbé ooru jáde pẹ̀lú ara rẹ̀ ni. Bí kò bá sí kòròfo, ẹtù ń fara kan irin gbígbóná ní tààrà, ìbọn á sì máa dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹtù mìíràn tó lè fara da á. Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kó bọ́ sí i, ní 1990, Jámánì méjèèjì di ọ̀kan, ìnáwó yí padà, wọ́n pa á tì.

Ọdún 2025 ni apá ọjọ́ iwájú Black Ops II wà. Ọdún náà ti dé, ó sì ti kọjá. Ọ̀pọ̀ sójà Amẹ́ríkà ṣì ń gbé M4, ọmọ M16 tó ti wà láti àwọn ọdún 1960. Ìbọn tuntun tí wọ́n yàn ní 2022 láti ọwọ́ SIG Sauer, máágásíìnì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kòròfo rẹ̀ sì jẹ́ irin àti idẹ. Ohun tó tuntun gan-an lára rẹ̀ ni awò orí rẹ̀, tó ń wọn jíjìnnà ibi tí o kọjú sí, tó sì ń fi ibi tó yẹ kí o dojú lé hàn ọ́. Níbi tí géèmù náà ti rí ọ̀nà jìnnà ni dúróònù. Wọ́n pe P. W. Singer, ẹni tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀rọ ogun, láti gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹ wo Ukraine.

Mo gbọ́ pé fídíò kan náà fi ogun gidi hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Má fi owó ẹ tẹ́tẹ́ lé e. Ní 2022, àwọn tó ni Arma 3 fúnra wọn jáde láti sọ pé géèmù àwọn ni àwọn kan ń gé, tí wọ́n ń pè ní ogun Ukraine.

Ó yá, iṣẹ́ rẹ. Lọ wo ìdánwò tí àwọn ológun Amẹ́ríkà pè ní Advanced Combat Rifle, tó parí ní nǹkan bí 1990: ìbọn mẹ́rin, G11 wà níbẹ̀, ti iléeṣẹ́ Steyr náà wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ju M16A2, ìbọn tí àwọn sójà ń gbé nígbà náà, lọ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Lọ wo ohun tí Royal Armouries, ilé àkójọ ohun ìjà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé jáde. Jonathan Ferguson, alákòóso ìbọn wọn, máa ń tú ìbọn géèmù palẹ̀ ní gbangba, ọ̀fẹ́ sì ni. Mú ìbọn kan tó kùnà, kí o wá ìdí tó fi kùnà, kí o wá ya á bí ẹni pé wọ́n ti yanjú ìdí yẹn. Ìbọn 2060 rẹ nìyẹn. Má fi iná aláwọ̀ búlúù sí ibi gbogbo.

Kí ó sì dúró sínú kọ̀ǹpútà o. Má lọ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ike kí o gbé e jáde sí títì torí àwòrán Instagram. Ọlọ́pàá tó bá rí i ní alẹ́ kò ní bi ọ́ bóyá ti géèmù ni, òfin ìbọn Nàìjíríà kò sì gbà kí a ṣe ìbọn láìgbàṣẹ. Tí o bá ṣe é, má dárúkọ mi.

Tí o bá yà á tán, fi méjì ránṣẹ́ sí mi: ọ̀kan tí máágásíìnì wà lára rẹ̀, ọ̀kan tí o ti yọ ọ́. Tí n kò bá rí ibi tí ọta ń gbà wọlé, mo máa dá a padà.