Kọ̀ǹpútà 24, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ìpè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kọ̀ǹpútà 30 ló wà ní ọ́fíìsì yín, pé dátà oṣù kan kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń fa update Windows fúnra rẹ̀, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá WSUS (ètò Microsoft tó ń jẹ́ kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà kan, fa update wá lẹ́ẹ̀kan, kó sì pín in fún àwọn yòókù) lè gbà yín. Ó lè gbà yín. Ohun tí ojú mi rí kó tó gbà mí ni mo fẹ́ sọ.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íbàdàn ni. Kọ̀ǹpútà 24, Windows 7 ni gbogbo wọn, Windows Server 2012 R2 ni sáfà. Nígbà tí WSUS ní kí n mú àwọn ohun tí mo fẹ́ kó máa fa update wọn, mo sáà ń tẹ gbogbo ẹ̀ lọ: Office, SQL Server, oríṣiríṣi èdè, títí dórí Drivers (sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà). Mo tún fọwọ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo gba ilé lọ ní Friday. Nígbà tó fi máa di Monday, háàdì dísìkì ti kún dẹ́nu, dátà ti tán pátá. Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ bú mi, ó kàn ń wò mí. Ẹ mú kìkì Windows tí ẹ ń lò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fọwọ́ kan Drivers.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé nínú kọ̀ǹpútà 24, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń hàn lójú sáfà. Láàárọ̀ á máa jẹ́ LAB07, tó bá di ọ̀sán á di LAB15. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ switch, mo pa firewall, mo tiẹ̀ ti ń fura sí ẹni tó bá wa fa wáyà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó ṣí registry (ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí) àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\WindowsUpdate. SusClientId wọn, ìyẹn àmì tí WSUS fi ń dá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ò fi lẹ́tà kan yàtọ̀! Ẹni tó tò wọ́n ti ṣe ọ̀kan tán, ó wá clone rẹ̀ (ó ṣe àdàkọ rẹ̀ bó ṣe wà) sórí 23 yòókù láìṣe sysprep, ètò Windows tó ń pa ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ́ kí wọ́n tó ṣe àdàkọ rẹ̀. Ọmọ 24 ń jẹ́ orúkọ kan, ẹni tó bá dáhùn kẹ́yìn ni olùkọ́ ń kọ sínú rẹ́jístà.

Mo lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan: net stop wuauserv (ó ń dá Windows Update dúró), mo pa SusClientId àti SusClientIdValidation rẹ́, net start wuauserv, lẹ́yìn náà wuauclt /resetauthorization /detectnow. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti yọjú.

Nínú Group Policy (ibi tí ẹ ti ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan), ẹ má gbàgbé 8530, nọ́ńbà port WSUS, nídìí àdírẹ́sì sáfà, àpótí méjèèjì tó wà níbẹ̀ lẹ sì máa kọ ọ́ sí. Bí console (ojú ibi tí ẹ ti ń darí WSUS) bá ń kú lójijì, ẹ lọ sínú IIS, ètò wẹ́ẹ̀bù tí WSUS ń gbé lórí rẹ̀, ẹ sọ Private Memory Limit ti WsusPool di 0. 1843200 KB tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní September 2024, Microsoft kéde pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún WSUS mọ́, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ ò bá ní Windows Server, ẹ má torí èyí rà á. Windows 10 ní Delivery Optimization: ẹ sọ Download Mode di 1, àwọn kọ̀ǹpútà yín á máa pín update láàárín ara wọn.

Clone ni wọ́n fi to 30 yín yẹn ni àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ ṣí registry méjì wò kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.